Omi Ajílẹ̀ Kì í Pa Kòkòrò

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin àgbẹ̀ tí rédíò wà létí yín bí ẹ ti ń kọ ebè lọ́wọ́, àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sétí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ omi ajílẹ̀ la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, ìyẹn omi tí wọ́n rẹ ajílẹ̀ jíjẹrà sí, tí wọ́n ń bù wọ́n ilẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fín sára irè oko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń polówó rẹ̀ báyìí pé ẹni tó bá ti ní in kò nílò oògùn apakòkòrò mọ́ láéláé. Èmi fara mọ́ ọn pé kí a dín oògùn apakòkòrò kù, kódà kí a pa á tì níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àmọ́ àgbẹ̀ tó bá da kẹ́míkà nù lónìí, tó rọ omi ajílẹ̀ sínú tánkì kan náà lọ́la, tó wá ń retí pé kó ṣe iṣẹ́ kan náà fún òun, irè oko rẹ̀ ló máa fi dánwò, tìbínú-tìbínú ni yóò sì fi padà sídìí kẹ́míkà. Omi ajílẹ̀ kì í pa kòkòrò. Ilẹ̀ ló ń bá wa tọ́jú, díẹ̀díẹ̀ sì ni ilẹ̀ ń gba ìtọ́jú. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ gba èyí kò tíì ṣe tán láti pààrọ̀ ohunkóhun.

Kí ló tilẹ̀ dé tí a fi ń wá ọ̀nà mìíràn? Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Dichlorvos yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ sí Sniper, òun náà ló sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ota-pia-pia tí wọ́n ń kiri nínú ìgò kékeré. Ìwọ̀n tí òfin wọn fàyè gbà nínú kílò ẹ̀wà kan kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ, èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà kan ju mílígíráàmù 4 lọ. Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n fa ìfòfindè náà gùn, wọ́n sì tún fà á gùn lẹ́yìn ìyẹn. Ká má parọ́ mọ́ àgbẹ̀ o: inú àká àti ìsọ̀ ọjà ni púpọ̀ nínú oògùn yẹn ti wọnú ẹ̀wà, nígbà tí wọ́n ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀, ta ni wọ́n tà á fún? Àwa náà là ń sè é jẹ. Lọ́dún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos láàárín ọjà. Nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n ní kí paraquat, oògùn apakoríko tí kò ní ẹ̀rọ̀ bí ènìyàn bá mu ún, kúrò nílẹ̀ pátápátá. Lórílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, endosulfan tí wọ́n ń fín sórí òwú pa ènìyàn, ó kéré tán 37, ní agbègbè Borgou láàárín ọdún 1999 sí 2000. Àwọn kan lára wọn ò tilẹ̀ fín oògùn rí. Oúnjẹ tí oògùn ti kàn ni wọ́n jẹ.

Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ pé májèlé ni oògùn apakòkòrò kò tíì sọ ohun tí àgbẹ̀ kò mọ̀. Ohun tí àgbẹ̀ ń sọ ni pé bí òun kò bá fín in, kòkòrò yóò jẹ oko òun tán, ọmọ òun kò sì ní rí owó ilé ìwé san. Ìdáhùn sí èyí ló ṣe pàtàkì, ẹ̀rí tó sì lágbára jù lọ tí mo mọ̀ lórí rẹ̀ ti Indonéṣíà wá. Láàárín ọdún 1970 sí 1985, ìjọba ibẹ̀ ń bá àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó oògùn apakòkòrò. Wọ́n fín, wọ́n fín, síbẹ̀ kòkòrò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń fa omi ara ìrẹsì túbọ̀ ń pọ̀ sí i ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, oògùn yẹn gan-an ni wọ́n bá nídìí ẹ̀. Ó ń pa aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ń fi kòkòrò ìrẹsì ṣe oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ inú igi ìrẹsì ni ẹyin kòkòrò ìrẹsì fara pamọ́ sí, oògùn kò débẹ̀. Bí ẹyin bá ti pa, kò sí ọ̀tá níta mọ́, wọ́n á gba oko kan. Ní ọdún 1986, Ààrẹ Suharto fòfin de oríṣi oògùn apakòkòrò 57 lórí ìrẹsì, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1989 ìjọba ti dáwọ́ owó oògùn dúró. Wọ́n wá dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín oko gan-an, níbi tí àgbẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń yẹ ewé wò, tí a ń ka kòkòrò, tí a sì ń dá èyí tó ń jẹ irè mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń retí pé ìyàn máa mú ní Indonéṣíà kò rí i. Ìrẹsì ń pọ̀ sí i ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn tiwa yìí. Lẹ́yìn ọdún 1970 ni kòkòrò funfun lẹ́búlẹ́bú kan dé sí Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Kóńgò, ó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn gbé iṣẹ́ náà lé Hans Herren lọ́wọ́, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland. Oògùn kọ́ ni wọ́n wá kiri. Wọ́n wá ibi tí kòkòrò náà ti ṣẹ̀ wá, kí wọ́n lè mọ ohun tí kò jẹ́ kó pọ̀ jù nílé rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí agbọ́n tín-ín-tín kan ní Paraguay tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò yẹn. Ní ọdún 1981 wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ sóko ní Ìbàdàn. Ó mú, ó tàn ká, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀bùn World Food Prize ti ọdún 1995 tí Herren gbà, iṣẹ́ yìí ló gbà á lé lórí. Àwa tí à ń jẹ gàrí àti láfún lónìí, agbọ́n kan ń bá wa ṣọ́ oko láìgba kọ́bọ̀. Bí a bá wá gbé tánkì kọ́rùn tí a ń fín oògùn apakòkòrò sórí ẹ̀gẹ́ káàkiri, agbọ́n yẹn máa wà lára àwọn tí a máa kọ́kọ́ pa.

Ohun tí agbọ́n àti aláǹtakùn ń ṣe lókè ilẹ̀, àìlóǹkà ohun abẹ̀mí ń ṣe é nísàlẹ̀. Ekòló ń la ọ̀nà fún omi àti gbòǹgbò. Olú àti èbu ń tú ewé gbígbẹ ká. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń bá àwọn tó ń kó àrùn ran irè jà lórí oúnjẹ àti àyè, bẹ́ẹ̀ ni àrùn kì í fi í ráyè gbilẹ̀. Oúnjẹ gbogbo wọn ni ohun tó jẹrà nínú ilẹ̀, èyí tó ń mú ilẹ̀ dúdú. Nílẹ̀ Yorùbá, ohun dúdú yìí kò jìn rárá. Púpọ̀ rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 láti òkè. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní IITA láti ọdún 1970 títí di ọdún 1987, wọn bí òjò ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ lóko Ìbàdàn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ìdọ̀tí oko bò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan, àmọ́ èyí tí wọ́n tú síta gbalaja ń bá omi òjò lọ. Àwọn baba wa kò wọn ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tó bá hù lórí ààtàn máa ń tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé oko tó bá ti rẹ̀ yẹ kó di igbó fún ọdún mélòó kan. Àyè àtifi oko sílẹ̀ di igbó kò sí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́. Ibi tí ajílẹ̀ ti wúlò nìyí: ó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí igbó ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ó sì ń ṣe é láàárín oṣù mélòó kan.

Ó dáa, báwo wá ni omi ajílẹ̀ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó lójú yín: omi ajílẹ̀ kò lè dára ju ajílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é lọ. Ìdí òkìtì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun gbígbẹ bíi háhá àgbàdo, koríko àti ewé ni kó pọ̀ jù, kí ẹ fi ohun tútù bí ewé ẹ̀fọ́, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ adìẹ lé e, kí ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi rin, kí omi má sì ro jáde. Òkìtì tí wọ́n tò dáadáa máa ń gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná. Ìlànà oko tí kò lo kẹ́míkà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sọ pé bí wọ́n bá tò ó sílẹ̀ gbọọrọ ní gbangba, ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i padà ní ìgbà márùn-ún, kí èyí tó wà níta lè wọnú. Ooru yẹn ló ń pa kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ ẹran àti irúgbìn èpò. Òkìtì tó tutù láti ọjọ́ tí wọ́n ti tò ó, ààtàn lásán ni. Nígbà tó bá ti jẹrà tán, tí òórùn rẹ̀ ti di òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí, ìgbà yẹn ni a tó lè bù ú sínú korobá.

Ìwọ̀n ajílẹ̀ kan sí omi márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn mìíràn ń bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ́gẹ́ bí àgbàdo tí a rẹ sómi ṣe ń kan di ògì nítorí àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú wa kò rí, bẹ́ẹ̀ náà ni omi yìí ṣe ń kún fún ohun abẹ̀mí, irú èyí tó bá sì wà nínú ajílẹ̀ náà ló máa pọ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ búburú. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba, kó kọ́kọ́ pọn ọ́n sílẹ̀ láìdé e mọ́jú, nítorí pé kẹ́míkà tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ yóò pa ti ajílẹ̀ pẹ̀lú. Tánkì tí wọ́n ti fi fín oògùn apakoríko rí, kí wọ́n má bu omi yìí sínú rẹ̀ rárá.

Nípa iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Elaine Ingham, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ omi ajílẹ̀ di ohun tí ayé ń sọ. Linda Chalker-Scott ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ti ń takò ó fún ọdún pípẹ́ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó gbé ìpolówó rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ obìnrin kejì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé omi ajílẹ̀ dín èbu orí ewé kù, tàbí àrùn tí ń jẹ́ kí irúgbìn kéékèèké ṣubú lulẹ̀. Àwọn mìíràn ṣe ohun kan náà, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Kò yani lẹ́nu, nítorí kò sí ajílẹ̀ méjì tó rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ gan-an, èyí tí a kó sínú ilẹ̀, kò sí àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀: ó ń gba omi dúró, ó ń bọ́ irè, ó sì ń bọ́ àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀. Nítorí náà, bí agbára yín bá mọ lórí ọ̀kan, òkìtì ni kí ẹ mú. Omi rẹ̀ dára láti fi ta irúgbìn kéékèèké lọ́rẹ, àti láti na ajílẹ̀ díẹ̀ dé ibi tó pọ̀.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sábà mẹ́nu kàn. Wọ́n máa ń ní kí a da omi ṣúgà ìrèké dúdú sí i kó lè tètè hó. Ṣúgà yẹn ń bọ́ kòkòrò àrùn bíi E. coli àti Salmonella náà, bí èyíkéyìí nínú wọn bá ṣẹ́ kù sínú ajílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ lọ́dún 2004 pé irú omi ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ojú ìgbẹ́ ẹran tútù ni kí wọ́n fi máa wò ó: kó tó ọjọ́ 90 kí wọ́n tó kórè, tàbí ọjọ́ 120 fún ohun tó ń kan ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ń gbìn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lóko. Ní tiwa, ìdí irè ni kí ẹ máa bu omi náà sí. Ẹ má fín in sára létíúsì, kùkúńbà tàbí tòmátì tí ènìyàn yóò jẹ ní tútù.

Mo gbọ́ àtakò tí ẹ ń ṣe níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹnìkan yóò ní, ṣé ẹ gbàgbé Sri Lanka ni? Mi ò gbàgbé. Lọ́dún 2021, Ààrẹ Gotabaya Rajapaksa fòfin de kíkó fatiláísà àti oògùn oko wọlé lójijì. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìrẹsì wọn dín kù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100, orílẹ̀-èdè tó ń bọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrẹsì níta, nígbà tó sì máa di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ìjọba ti ń tú òfin náà ká. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé àlá lásán ni oko tí kò lo kẹ́míkà. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ yàtọ̀: wọ́n gba fatiláísà àti oògùn lọ́wọ́ àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìtíì kó ajílẹ̀ tó pọ̀ tó jọ, láìtíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wé Indonéṣíà, tó kó oògùn tó ń ṣe ìpalára jù kúrò, tó jẹ́ kí fatiláísà wà, tó sì rán olùkọ́ lọ sóko. Àgbẹ̀ tó bá ń fi díẹ̀ kún ajílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, tó sì ń dín fatiláísà kù bí ilẹ̀ rẹ̀ ti ń san, kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ mélòó kan ni hẹ́kítà kan ń fẹ́, ọwọ́ ọkùnrin kan kò ká a. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń sọ pé oko ẹ̀fọ́ etílé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ká fi oko àgbàdo ńlá sílẹ̀ ná. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìjọba ìbílẹ̀: pàǹtírí ọjà tí wọ́n ń sun tàbí tí wọ́n ń dà dí ojú àgbàrá ni ajílẹ̀. Ní Bódìjà n'Ìbàdàn, wọ́n ti fi pàǹtírí ọjà ṣe ajílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pacesetter. Ní Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, bẹ̀rẹ̀ oko kan tí wọ́n ń pè ní Songhai lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo lọ́dún 1985. Ìgbẹ́ adìẹ ibẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù lára irè ń bọ́ ẹran àti ẹja, kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní pàǹtírí. Ibẹ̀ ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ti kòkòrò tó ń jẹ ewé àgbàdo, èyí tó dé láti Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, mi ò ní tàn yín: omi ajílẹ̀ kò ní rí i gbé ṣe. Kóró dóńgóyárò tí wọ́n gún, tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n sì sẹ́ yóò ràn yín lọ́wọ́ bí kòkòrò náà bá ṣì kéré, kí ẹ sì máa ṣàyẹ̀wò ewé láti ọ̀sẹ̀ kejì tó bá ti hù. Ẹ̀yin olóko kòkó, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ fi omi ajílẹ̀ rọ́pò oògùn tí ẹ fi ń kojú àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú nígbà òjò. Mi ò rí ẹ̀rí tó gbé e. Ohun tí mo lè sọ ni pé bàbà tó wà nínú oògùn yẹn kì í jẹrà, inú ilẹ̀ ló ń kó jọ sí lọ́dọọdún, ekòló kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá ń gé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, tí ẹ ń ká èyí tó ti dúdú kúrò lórí igi kíákíá, iye ìgbà tí ẹ máa fín yóò dín kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ ya ebè ẹ̀fọ́ mẹ́rin sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ da ajílẹ̀ sí méjì, kí ẹ sì máa bu omi ajílẹ̀ sídìí ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, kí ẹ ṣe ìkẹrin bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ iye ìdì ẹ̀fọ́ tí ẹ rí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú iye owó tí ẹ ná. Lẹ́yìn ìkórè méjì, ẹ mú ìwé náà tọ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ, kí ẹ sì bi í pé pàǹtírí ọjà tí wọ́n ń kó dànù lójoojúmọ́, ta ló ń kó o fún.